Ẹ wo àlàfo àárín ègé kí ẹ tó jẹ́ kí ẹ̀rọ yan àwọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣí fóódà àwòrán inú ara, CT tàbí MRI yòówù, fúnra rẹ̀, kó gbé 3D jáde láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan án, ṣùgbọ́n orí aláìsàn ń gùn gbọọrọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ ò sì hàn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọ̀rọ̀ yìí gbà lọ́wọ́ mi.

Orí tó gùn yẹn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Slice Thickness, ìyẹn bí ègé àwòrán kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó, lẹ kà sí àlàfo àárín ègé. Ohun tí èmi ṣe nìyẹn. Ègé tó nípọn ní mìlímítà 5 lè fi 2.5 péré jìnnà síra, torí pé wọ́n gun ara wọn. Tí ẹ bá fi 5 tò wọ́n, orí á gùn ní ìlọ́po méjì. Ẹ wo bí Image Position Patient ègé kan, ìyẹn ipò tí fáìlì kọ fún un, ṣe jìnnà sí ti èkejì. Òun náà ni kí ẹ fi tò wọ́n, kì í ṣe orúkọ fáìlì, níbi tí 10 ti lè ṣíwájú 2. Ẹ ṣí fóódà kan náà nínú 3D Slicer, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ fi wé tiyín.

Ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ló le jù. Mo ní kí ọ̀nà Otsu, ìṣirò tó ń pín àwòrán sí méjì, wá ààlà fún mi láti inú histogram, àtẹ tó ń fi hàn bí iye kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó nínú àwòrán. Afẹ́fẹ́ tó yí aláìsàn ká ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ààlà afẹ́fẹ́ àti ara ló rí. Awọ ló gbé jáde! Ní CT, tí ẹ bá ti fi Rescale Slope àti Intercept, nọ́ńbà méjì tó wà nínú fáìlì, ṣírò, afẹ́fẹ́ jẹ́ -1000, omi jẹ́ 0 lórí òṣùwọ̀n CT. Iye gidi wọ̀nyí ni mo wá fi kọ transfer function, òfin tó ń sọ àwọ̀ tí iye kọ̀ọ̀kan máa ní àti bó ṣe máa hàn tó, fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún ní oògùn tó ń mú un tàn sábà máa ń wà láàárín 200 sí 400, egungun inú tó rí bí kànìnkànìn náà sì lè wà níbẹ̀. Kò sí àwọ̀ tó lè yà wọ́n. Àfi kí ẹ kọ́kọ́ fi segmentation, ìyẹn pípín àwòrán sí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan, yọ egungun kúrò. Ibẹ̀ ni kí ẹ lo agbára yín sí.

MRI ò ní irú òṣùwọ̀n yẹn, nítorí náà mo ṣì ń lo histogram fún un, lẹ́yìn tí mo bá ti yọ ẹ̀yìn dúdú kúrò.

Dókítà kan rí iṣan tó tín-ín-rín nínú àwòrán mi, ó rò pé ó ti ń dí. Ààlà tí mo gbé ga jù ló jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Látọjọ́ náà, iye tí ẹ̀rọ fi pààlà máa ń wà ní igun àwòrán, ègé CT gan-an sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.