Fífi Ẹsẹ̀ àti Kẹ̀kẹ́ Rin Ìlú Beijing

Ẹ béèrè bóyá ọjọ́ mẹ́rin tó láti fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ wo ìlú Beijing láìwọ takisí rárá. Ó tó, bí ẹ bá ti mọ ibi tó yẹ kí ẹ rìn àti ibi tó yẹ kí ẹ gun kẹ̀kẹ́. Èmi kò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ẹsẹ̀ mi ló sì jìyà rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ni mo gbéra láti Yongdingmen, ẹnubodè àtijọ́ kan ní gúúsù, tí mo ní kí n tọ ìlà tó la àárín ìlú náà já lọ dé Ilé Ìlù, ilé gíga àtijọ́ tí wọ́n ti ń lu ìlù, ní àríwá. Gígùn ìlà náà kò ju kìlómítà 7.8 lọ. Ṣùgbọ́n inú ààfin àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Gugong ló gbà kọjá, wọn kì í sì í sábà ṣí Gugong lọ́jọ́ Ajé. Mo tò fún àyẹ̀wò nítòsí Tiananmen, ẹnubodè ńlá tó wà níwájú ààfin náà, mo tún yí ààfin náà po. Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti léròrò débi pé n kò lè wọ bàtà lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi ọjọ́ mìíràn sí ààfin náà, ẹ fi ìwé ìrìnnà yín gba tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé gúúsù ni wọ́n ń gbà wọlé. Bí ẹ bá gba àríwá jáde, òkè Jingshan ló wà níwájú yín. Ẹ gùn ún, nítorí láti orí rẹ̀ ni ẹ ó ti rí gbogbo òrùlé aláwọ̀ ìyeyè ààfin náà.

Láàárín ibi kan sí òmíràn, kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ gùn. Ilẹ̀ Beijing tẹ́jú, ọ̀pọ̀ títì ńlá ibẹ̀ ló sì ní ojú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Fóònù ni ẹ ó fi ṣí kẹ̀kẹ́ àyágùn tó wà káàkiri, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Inú àyè tí wọ́n fi ọ̀dà funfun sàmì sí nílẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Mo gbé tèmi sí ibòmíràn lálẹ́ ọjọ́ kan, kẹ̀kẹ́ náà kò gbà kí n tì í pa, owó sì ń gorí owó títí mo fi gbé e padà síbi tó yẹ.

Ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ tó ń yà sọ́tùn-ún, nítorí wọn kì í dúró bí iná tilẹ̀ pupa, àti fún kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí ẹ kò ní gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó dé ẹ̀yìn yín. Ẹ yẹra fún àwọn bíríìjì títì tó lọ́ mọ́ra ní Xizhimen; mo fi bí ìdajì wákàtí wá ọ̀nà àbájáde níbẹ̀.

Orúkọ títì ló kọ́ mi ní ìlú náà ju àwòrán ilẹ̀ lọ. “Men” ni ẹnubodè, “nei” ni inú, “wai” ni ìta. Wọ́n ti wó èyí tó pọ̀ jù nínú odi ìlú náà, títì òbìrípo kejì, ìyẹn títì ńlá kan tó yí àárín ìlú po, ló wà níbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá wà ní Fuchengmen Nei mọ̀ pé inú odi àtijọ́ lòun wà, ẹni tó sì wà ní Fuchengmen Wai mọ̀ pé òun ti jáde. Ìwọ̀-oòrùn, ìlà-oòrùn, àríwá àti gúúsù ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń júwe ọ̀nà. Xi, dong, bei àti nan ni ẹ ó máa gbọ́.

Inú hutong, ìyẹn àwọn ọ̀nà tóóró láàárín àwọn ilé àtijọ́, ni kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ rìn. Àwọn tó wà nítòsí Ilé Ìlù ni mo fẹ́ràn jù, kí ó jẹ́ àárọ̀ kùtù, nígbà tí àwọn àgbàlagbà bá ti gbé àga síta. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú pọ̀ níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n ẹ mú bébà tiyín lọ́wọ́.

Ẹ fi ọjọ́ kẹrin sí Yiheyuan, ààfin ìgbà ooru tó wà létí adágún. Ó tó bíi kìlómítà 15 sí àárín ìlú. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ padà.