Kí nìdí tí wọ́n fi ní ká má tọ̀ síbi tí ajá tọ̀ sí?

Ẹ béèrè pé ìyá àgbà yín ní Ìkéré-Èkìtì máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọkùnrin ilé pé, "Ẹ má tọ̀ síbi tí ajá tọ̀ sí o, ẹ ó kó àtọ̀sí." Ẹ ní ṣé òótọ́ ni, àbí èèwọ̀ lásán.

Ajá kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí, èyí tí Albert Neisser, oníṣègùn ará Jámánì, rí ní 1879, ara ènìyàn nìkan ló ń gbé. Tó bá bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í pẹ́ kú. Ìbálòpọ̀ ni wọ́n fi ń kó o, àfi ìkókó tó bá kó o lára ìyá rẹ̀ nígbà ìbí, tí ojú rẹ̀ á wú, tí á máa ṣepin.

Àṣírí ni èèwọ̀ yẹn ń bò, lójú tèmi. Ọkọ tó ti ìrìn àjò dé, tó ń tọ̀ tí ó ń ta á, tí ọyún ń jáde lójú ìtọ̀ rẹ̀, kò ní láti dárúkọ obìnrin kankan. Ajá ló fà á. Ìyàwó gbọ́, ìyá ọkọ gbọ́, ilé ò tú. (Ajá ò sì lè wá rojọ́.)

Ibi tó ti burú ni pé ọkọ nìkan ni yóò mu agbo. Ẹ lọ wò ó ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì: egbò igi tí wọ́n rẹ sínú omi ògì tàbí ọtí, tí alágbo á mi ìgò rẹ̀ dáadáa kó tó da ife kan fún oníbàárà. Ta ni yóò wá da tìyàwó? Ajá ò kúkú bá a sùn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gbé àtọ̀sí kiri tí nǹkan kan ò dùn wọ́n, títí yóò fi dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ. Tó bá yá, wọ́n á ní àgàn ni.

Àwa yìí náà la sì ń pa á lówe pé àrùn tó ń ṣe ogójì ló ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún, ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́sibítù nìyẹn: tọkọtaya ni wọ́n á ní kó wá. Abẹ́rẹ́ ceftriaxone ni wọ́n sábà ń lò báyìí, torí àtọ̀sí ti borí pẹnisílíìnì tipẹ́. Wọ́n á tún ní kí wọ́n má bá ara wọn sùn fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn ìtọ́jú. Èyí tó gba abẹ́rẹ́ tí ẹnìkejì ò gbà, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni yóò ti tún un kó.