Ọmọ mẹ́dísìn ni mí, níbo ni kí n ti di tropical medicine mú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n dókítà. Ọmọ mẹ́dísìn ni mí, ọdún karùn-ún ni mo wà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fi kọ́ wa ní tropical medicine (ìmọ̀ àìsàn ilẹ̀ olóoru) àti global health (ọ̀rọ̀ ìlera gbogbo àgbáyé), súláìdì lọ súláìdì bọ̀, orúkọ kòkòrò tí ẹnu mi ò gbà, mo ṣáà há a sórí. Oṣù tó ń bọ̀ wọ́n máa kó wa lọ sí abúlé fún posting, ká lọ máa kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ń ṣe mí bíi pé mi ò mọ nǹkan kan. Ṣé kì í ṣe malaria àti typhoid náà ni gbogbo ẹ̀ já sí ni? Ṣé dandan sì ni kí n lọ sí London tàbí Liverpool kí n tó lè sọ pé mo mọ̀ ọ́n?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú iṣẹ́, o kú wàhálà ìwé. Ohun tí èmi àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ̀ lé mi yí wọ́ọ̀dù jọ máa ń fà gan-an lo béèrè yìí, torí ẹ̀ mo máa fara balẹ̀ dáhùn.

Orúkọ kòkòrò tó o há sórí yẹn, má dà á nù o, ìdánwò á béèrè ẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè tó ò ń bi aláìsàn ló ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí: níbo lẹ̀ ń gbé, omi wo lẹ̀ ń mu, odò wo lẹ̀ ń wọ̀, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, ta ló tún ń ṣàìsàn nínú ilé? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n bi, tó sì ní sùúrù láti gbọ́ ìdáhùn ẹ̀ tán, onítọ̀hún ti wọnú iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Wọ́n mú ọmọkùnrin kan wá bá wa lọ́jọ́ kan, kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Ìyá ẹ̀ ní ó ń tọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti ra àǹtíbáyótíìkì fún un ní kẹ́mísì lẹ́ẹ̀mẹta, kò lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́dọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kíndìnrín ni, òkúta inú àpò ìtọ̀ ni, sickle cell ni. Mo ní kó bi ọmọ yẹn ibi tó ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní odò ni, ojoojúmọ́ tóun bá ti iléèwé dé. Mo ní kó tún bi í pé ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde àbí ìparí. Ó ní ìparí ni, pé èyí tó máa ń kán gbẹ̀yìn ló máa ń pupa. Akẹ́kọ̀ọ́ mi dákẹ́, ó wojú mi, mo rí i pé ó ti yé e.

Àtọ̀sí ajá làwọn àgbà wa ń pè é, schistosomiasis ni ìwé yín ń pè é. Ẹni tó ní in á tọ̀ sínú odò, ẹyin kòkòrò yẹn á pa nínú omi, á wọnú ìṣáwùrú, ibẹ̀ ló ti máa pọ̀ sí i, á tún jáde padà sínú omi, ẹni tó bá wá wọ odò náà, ó máa gba awọ ara ẹ̀ wọlé, kò dìgbà téèyàn bá mu omi yẹn. Ìdí àpò ìtọ̀ ló máa lọ ń gbé nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹyin tó ń yé sì ní ẹ̀gún ṣóńṣó kan nídìí, ẹ̀gún yẹn ló ń gún àpò ìtọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Tó bá pẹ́ lára, ó lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Nínú obìnrin, ó lè dá egbò sójú ara, káwọn èèyàn máa rò pé àìsàn ìbálòpọ̀ ló kó, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti jẹ ìtìjú tí kò yẹ kó jẹ nítorí ẹ̀, ó máa ń dùn mí gan-an. Oògùn ẹ̀ ò le, praziquantel, 40 mg fún kílò kan, ẹ̀ẹ̀kan péré. Àmọ́ gbọ́ èyí dáadáa o, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni ẹyin ẹ̀ máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Tó o bá gba ìtọ̀ ọmọ yẹn ní aago méje àárọ̀, o lè wá a tì lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kó o wá kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sí nǹkan kan, nígbà tí ẹyin kún inú ẹ̀.

Ó ti lo oògùn, ó ti padà sílé, lọ́la ńkọ́? Odò yẹn náà ló máa padà sí. Ibi tí global health ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wo Ọyán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n ṣí dáàmù yẹn ní 1983 kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi mu, omi tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ wá dúró, koríko hù sétí ẹ̀, ìṣáwùrú rílé gbé, àtọ̀sí ajá sì bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn ọmọ abúlé tó wà létí omi náà láàmú, omi ẹ̀rọ lọ sí ìlú ńlá, àwọn tó wà nídìí dáàmù ṣì ń pọn láti inú adágún. Oògùn ọ̀hún ńkọ́? Ilé iṣẹ́ Merck ní Jámánì ló ń fi tọrẹ fún WHO, àjọ ìlera àgbáyé, láti 2007, fún àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn ọmọ tí kò tíì tó lọ sí iléèwé, tí ìyá wọn ń pọ̀n lọ sódò, kò sí èyí tí wọ́n ṣe fún wọn, àfìgbà tó di ìparí 2023 kí àjọ tó ń yẹ oògùn wò ní Yúróòpù tó fara mọ́ èyí tó bá wọn mu. Nítorí náà tí wọ́n bá bi ẹ́ ní global health, máa rántí ọmọ kan tó wà létí Ọyán, kó o wá ka gbogbo ẹni tí ìpinnu ẹ̀ dé ara ọmọ yẹn, látorí ẹni tó kọ́ dáàmù dórí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Jámánì.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ malaria àti typhoid. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo malaria àgbáyé ló jẹ́ ti Nàìjíríà, mi ò lè sọ pé kó o má kà á sí. Ohun tó ń bí mi nínú ni "malaria plus two, typhoid plus two" tí wọ́n ń kọ fún gbogbo ẹni tí ara ẹ̀ bá ti gbóná. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Widal tí wọ́n fi ń sọ pé typhoid ni, látọdún 1896 ló ti wà, agbóguntì inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wá, kì í wá kòkòrò fúnra ẹ̀, ẹni tó ti ní typhoid rí, ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀, kódà ẹni tó jẹ́ malaria ló ń ṣe é, Widal ẹ̀ lè gbé e. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó o bá ṣe é, kò lè dá nǹkan kan lójú. Blood culture ni, ìyẹn kí wọ́n tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ní lábù kí wọ́n wo kòkòrò tó máa hù jáde, kó o sì fa ẹ̀jẹ̀ yẹn kó o tó fún un ní àǹtíbáyótíìkì.

Fún malaria, lọ jókòó ti ẹni tó ń wo súláìdì ní lábù. Tó o bá fẹ́ ṣe súláìdì tó nípọn, kán ẹ̀jẹ̀ kan sórí gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní súláìdì, fi igun súláìdì míì rò ó kiri títí tó fi máa fẹ̀ tó bọ́tìnnì ẹ̀wù, tó o bá gbé e lé ìwé ìròyìn kó o ṣì lè ka lẹ́tà abẹ́ ẹ̀. Jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀, má gbé e sún mọ́ iná, má sì fi methanol, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ gíláàsì, kàn án, súláìdì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ni methanol wà fún. Giemsa, àró tí wọ́n ń dà lé e, máa tú ẹ̀jẹ̀ pupa dànù, á ku kòkòrò. Lẹ́ǹsì 100 tí wọ́n ń kán òróró sí ni kó o fi wò ó, wàá rí òrùka kékeré aláwọ̀ búlúù, tó ní tóótó pupa kan lórí bí òkúta orí òrùka. Ọgọ́rùn-ún ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí súláìdì ni kó o wò kó o tó sọ pé kò sí. Tí RDT, àyẹ̀wò malaria kíákíá, bá sì ṣì ń gbé e lẹ́yìn tí èèyàn ti lo oògùn tán, má tún oògùn fún un torí ìyẹn nìkan, ó lè máa gbé e bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ibà tí kò bá gbọ́ oògùn malaria, tó ń lọ sí ọjọ́ mélòó kan, má tún bẹ̀rẹ̀ oògùn malaria míì. Wọ ìbọ̀wọ́, kó o wá béèrè. Ní Ọ̀wọ̀ àti àwọn apá ibòmíì ní Oǹdó àti Ẹdó, ibà Lassa máa ń yọjú lọ́dọọdún, pàápàá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, eku ló ń gbé e kiri, nítorí náà bi wọ́n nípa eku inú ilé àti gààrí tí wọ́n sá síta. Ìbéèrè ibi tí èèyàn ti ń bọ̀ yìí náà ló gba Èkó lọ́wọ́ Ebola ní July 2014. Wọ́n ti ń tọ́jú arìnrìn-àjò tó wá láti Làìbéríà bí onímalaria, kí Dókítà Ameyo Adadevoh tó sọ pé rárá, ibi tí ọkùnrin yìí ti ń bọ̀, Ebola wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí dókítà jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó kọ̀. Ẹni ogún ló ní in ní Nàìjíríà, arìnrìn-àjò náà wà lára wọn, mẹ́jọ nínú wọn kú, Dókítà Adadevoh náà wà nínú àwọn tó kú. Àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń wo ara àwọn tó sún mọ́ aláìsàn lójoojúmọ́, ni wọ́n parí iṣẹ́ yẹn, WHO sì kéde ní October 20 pé kò sí mọ́.

Sòbìà náà wà níbẹ̀, aran gígùn tó ń gbé abẹ́ awọ ara. Kò ní oògùn, kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọdún kan lẹ́yìn tí èèyàn bá ti mu omi tó ní in ló máa yọ lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa rọra ká a mọ́ igi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, àgbẹ̀ ò ní lè lọ sóko. Ní Ìdèrè ní Ìbàràpá, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa láyé àtijọ́. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, kànga, àti kí ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ní egbò má wọ odò, òun la fi ṣẹ́gun ẹ̀. Ọdún 2008 la rí èyí tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 2013 ni WHO fún wa ní ìwé ẹ̀rí.

London àti Liverpool wá ńkọ́? Ilé ẹ̀kọ́ tó dáa ni wọ́n, ti Liverpool bẹ̀rẹ̀ ní 1898, ti London ní 1899, nígbà tí ibà ń pa àwọn òyìnbó oníṣòwò àti sójà tí wọ́n rán wá sọ́dọ̀ wa, torí tiwọn ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Tó o bá rí owó àti sukọ́láṣíìpù, lọ, nǹkan bí oṣù mẹ́ta lèèyàn fi ń ṣe dípúlómà wọn. Àmọ́ kì í ṣe dandan. Ìbàdàn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòkunbọ̀ Lucas ti ń ṣiṣẹ́ kó tó lọ darí TDR, ètò ìwádìí ààrùn ilẹ̀ olóoru ní WHO, ní Geneva, láti 1976 sí 1986. Láti 1963 sì ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó ọmọ mẹ́dísìn lọ gbé ní Igbó-Ọrà, kí wọ́n mọ ilé tí aláìsàn ti ń bọ̀. Posting tí ẹ̀rù ẹ̀ ń bà ẹ́ yìí, irú ẹ̀ làwọn tó wà ní Liverpool ń wọ ọkọ̀ òfurufú wá wò.

Tó o bá ń lọ, mú nẹ́ẹ̀tì dání, ìwé kékeré kan àti bírò, àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bá àwọn obìnrin lọ síbi tí wọ́n ti ń pọn omi, wo ibẹ̀ dáadáa, yàwòrán ẹ̀ sínú ìwé. Wo ìṣáwùrú létí ẹ̀. Bó ti wù kí oòrùn mú tó o, má ki ẹsẹ̀ bọ omi yẹn.