Páráṣúùtì Kò Ní Iṣẹ́ Kankan Lórí Òṣùpá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà wa. Ọmọ mi tó wà ní JSS 2 fẹ́ kópa nínú ìdíje ilé ìwé wọn. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe àwòṣe ọkọ̀ tó ń balẹ̀ sórí òṣùpá, kí wọ́n fi ẹyin tútù sínú rẹ̀, kí wọ́n sì jù ú sílẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹyin ò gbọdọ̀ fọ́. Mo ra àlàyé kan lọ́wọ́ ẹnì kan lórí WhatsApp. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé nǹkan fúyẹ́ lórí òṣùpá, nítorí náà páráṣúùtì kékeré ti tó ọkọ̀ láti fi rọra balẹ̀ níbẹ̀. Báwo ló ṣe yẹ kí páráṣúùtì náà tóbi tó? Ọmọ náà tún ń yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ fi iná sí ìdí ọkọ̀ náà kó lè dà bí rọ́kẹ́ẹ̀tì. (Ìyá ọmọ kan, Ọ̀ṣogbo)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ti iná ni n ó kọ́kọ́ dáhùn: rárá o. Kò sí kábáàdì, kò sí nọ́káòtù, kò sí epo, kò sí ìṣáná lára ohun tí ọmọ yóò jù sílẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe é tí nǹkan sì jóná, kí ó má sọ pé èmi ni mo ní kí ó ṣe é.

Ní ti páráṣúùtì, ìwọ̀n tó yẹ fún òṣùpá ni òdo. Ẹ ò nílò rẹ̀ rárá, ẹni tó ta àlàyé yẹn fún yín ò sì mọ ohun tó ń tà. Inú ń bí mi sí irú wọn, nítorí ìbéèrè kan náà yìí ni àwọn òbí àti olùkọ́ ń fi ránṣẹ́ lemọ́lemọ́, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti sanwó kí wọ́n tó bi mí.

Ohun tó ń ṣì wọ́n lọ́nà ni pé wọ́n rò pé òòfà ilẹ̀, agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀, ni páráṣúùtì ń bá jà, pé níbi tí òòfà bá ti kéré, èyí tó kéré náà á tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni páráṣúùtì ń lò. Bí aṣọ náà ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ló ń kó afẹ́fẹ́ sábẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń tì í padà tí eré rẹ̀ fi ń dín kù. Òṣùpá kò ní afẹ́fẹ́ tó lè dá ìyẹ́ adìẹ pàápàá dúró. Ẹni tó bá gbé páráṣúùtì débẹ̀ dà bí ẹni tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lórí iyanrìn gbígbẹ. Wọ́n tiẹ̀ ti dán an wò lójú gbogbo ayé: ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 1971, David Scott, ọ̀gá ikọ̀ Apollo 15 (Apollo ni orúkọ ìrìn àjò àwọn ará Amẹ́ríkà sí òṣùpá), dúró níwájú kámẹ́rà lórí òṣùpá, ó mú òòlù ní ọwọ́ kan, ó mú ìyẹ́ àṣá ní ọwọ́ kejì, ó sì jù wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n jọ balẹ̀ ni.

“Fúyẹ́” tí wọ́n ń wí yẹn wá ńkọ́? Òótọ́ ni pé òòfà òṣùpá jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ti ayé. Ṣùgbọ́n níbí, ohun tó ń já bọ́ láti òkè réré máa ń dé ibi tí afẹ́fẹ́ ò ti ní jẹ́ kí eré rẹ̀ pọ̀ sí i mọ́. Lórí òṣùpá, kò sí ohun tó ń dá a lẹ́kun. Títí yóò fi kanlẹ̀ ni eré ń gorí eré. Ohun tó bá já bọ́ láti kìlómítà 1 sókè yóò ti máa sá ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan nígbà tó bá kanlẹ̀. Láti kìlómítà 15, yóò sún mọ́ 800. Ẹyin wo ló fẹ́ yè é?

Mo mú kìlómítà 15 nítorí pé níbi gíga bẹ́ẹ̀ ni Eagle, ọkọ̀ tí Neil Armstrong àti Buzz Aldrin gbé balẹ̀ ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 1969, ti tan ẹ́ńjìnnì ìbalẹ̀ rẹ̀. Kò sì dúró sójú kan nígbà náà o. Ó ń yí òṣùpá ká ni, pẹ̀lú eré tó tó nǹkan bí 6,000 kìlómítà ní wákàtí kan, eré yẹn gan-an sì ni wàhálà. Wọ́n kọ iná ẹ́ńjìnnì sí iwájú, sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ó sì jó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 kí eré tó tán. Nínú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 15 tí ọkọ̀ náà wúwo, ó lé ní tọ́ọ̀nù 8 tó jẹ́ epo ìbalẹ̀ nìkan. Àìsí afẹ́fẹ́ ló fà á tí epo fi ju ìdajì ẹrù lọ.

Àwọn kan á ní àwọn rí páráṣúùtì nínú àwòrán Apollo. Ẹ rí i lóòótọ́. Mẹ́ta ni, aláwọ̀ ọsàn àti funfun, ara Columbia, ọkọ̀ tó gbé Armstrong àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà wá sílé, ni wọ́n wà, wọ́n sì ṣí nígbà tó ń bọ̀ wá bọ́ sínú òkun Pàsífíìkì ní ọjọ́ 24, oṣù Keje yẹn. Ayé níbí ni ìyẹn, a sì ní afẹ́fẹ́. Àwọn mìíràn tún wà tó ní bí Eagle kò ṣe ní páráṣúùtì fi hàn pé irọ́ ni gbogbo ìrìn àjò náà. Èmi ò mọ ibi tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá ní in ni ǹ bá fura.

Àwọn pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn ńkọ́? Mars ní afẹ́fẹ́, àmọ́ ó tín-ín-rín gan-an: agbára tó fi ń tẹ nǹkan kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé. Páráṣúùtì tí Perseverance, ọkọ̀ ìwádìí àwọn ará Amẹ́ríkà, lò níbẹ̀ ní ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 2021, fẹ̀ tó mítà 21.5, síbẹ̀ ó ṣì ku nǹkan bí 300 kìlómítà ní wákàtí kan tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ní láti pa. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2016, páráṣúùtì Schiaparelli, ọkọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù rán lọ sí Mars, ṣí dáadáa. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló ṣìrò, ó rò pé òun ti dé ilẹ̀, ó já páráṣúùtì sílẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì jó fún ìṣẹ́jú àáyá 3 péré, ọkọ̀ sì já bọ́ láti ohun tó ju kìlómítà 3 lọ. Ní ti Venus, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ki débi pé Venera 13, ọkọ̀ ìwádìí ti àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì, já páráṣúùtì tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní nǹkan bí kìlómítà 50 sókè ní ọdún 1982, ó já bọ́ dé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fọ́.

Ó ku ti ọmọ yín. Mi ò rí àwòṣe náà, mi ò sì ka òfin ìdíje wọn, nítorí náà ẹ bi olùkọ́ kí ẹ tó ná owó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, bíi mítà 4, nǹkan kì í pé ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó kanlẹ̀. Kí páráṣúùtì onílílọ́ọ̀nù tó rí àyè ṣí, ẹyin ti di ọbẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ gbájú mọ́. Inú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Eagle ni wọ́n to alumíníọ́mù sí bí afárá oyin, tí yóò máa rún bí ọkọ̀ bá kanlẹ̀. Rírún yẹn ló ń gba ìkanlẹ̀ náà jẹ kó má bàa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi páálí tí ẹ ká tàbí ìfamu oníke ṣe ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n ya gbàgà síta, kí ìdí ọkọ̀ sì wúwo ju orí lọ kó má bàa dojú bolẹ̀. Ẹ má fi igi tàbí irin ṣe é, ẹsẹ̀ tí kò bá rún, ẹyin ni yóò rún dípò rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà so ẹyin rọ̀ sí àárín, kó má fara kan ẹ̀gbẹ́ kankan. Lẹ́yìn ìjùsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀, wọn ò ṣe é lò lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ń dán an wò nílé, àgbàlagbà ni kó dúró sí etí bákónì, kì í ṣe ọmọ.

Bí olùkọ́ bá sì ní páráṣúùtì pọn dandan, ẹ rán an, ṣùgbọ́n ẹ pa òṣùpá wa yìí rẹ́ lára àwòṣe náà, kí ẹ kọ Titan síbẹ̀. Òṣùpá Saturn ni, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ki ju tiwa lọ, abẹ́ páráṣúùtì sì ni Huygens, ọkọ̀ ìwádìí ti àwọn ará Yúróòpù, wà fún nǹkan bí wákàtí méjì àbọ̀ kó tó balẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Kíní, ọdún 2005.