Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣáwà oníná wo ni kí a fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ṣáwà oníná tó wà ní balùwẹ̀ wa ti pé ọdún 11. Láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni omi rẹ̀ kò ti gbóná kọjá lọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́, nísinsìnyí ó sì ti ń kán omi láti ìdí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti pe oníṣẹ́ sí i. Ẹni kejì ni ó sọ fún wa pé owó àtúnṣe rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tuntun. Kìlówáàtì 8.5 ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ kí a ra oní-10.5, ó ní kí ni ènìyàn ń fi tuntun ṣe bí kò bá ní sàn ju ti àtijọ́ lọ. Èmi ní tèmi rò pé irú ti tẹ́lẹ̀ gan-an ni kí a rà, kí iṣẹ́ má baà pọ̀. Èwo ni kí a ṣe? A ní ọmọ mẹ́ta, ọmọ ọdún 4 sì ni àbíkẹ́yìn wọn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di àríyànjiyàn láàárín ẹ̀yin àti baálé yín, nítorí kì í ṣe ọ̀kan nínú yín ni yóò dá ẹjọ́ náà. Wáyà tó wà nínú ògiri yín ni adájọ́.

Ṣáwà oníná kì í fi omi gbígbóná pamọ́. Bí omi tútù ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá ni irin agbómigbóná, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ẹ́límẹ́ǹtì, ń mú un gbóná kí ó tó dé orí ẹni tó ń wẹ̀. Nítorí pé kò ní àkókò láti gbé omi kaná díẹ̀díẹ̀, iná púpọ̀ ni ó ń fà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ohun èlò ilé tó sì ń fa iná tó o kò pọ̀. Bí ẹ bá fi fóòtì 240, ìyẹn ipá iná ilé, pín agbára rẹ̀ (kìlówáàtì 1 jẹ́ wáàtì 1,000), ẹ ó rí i pé oní-8.5 ń fa áḿpíà (òṣùwọ̀n iná tó ń ṣàn nínú wáyà) 35 àti díẹ̀, nígbà tí oní-10.5 ń fa nǹkan bí áḿpíà 44. Ẹni tó bá gbọ́ 8.5 àti 10.5 lè rò pé ìyàtọ̀ wọn kò ju méjì lọ, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Wáyà tó ń gbé áḿpíà 35 láìṣe wàhálà lè máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ bí a bá di 44 rù ú, pàápàá bí ó bá gùn, tàbí bí ó bá gba inú òrùlé tàbí ògiri tí wọ́n kó ohun adènà ooru sí, níbi tí ooru ara rẹ̀ kò ti ní ọ̀nà àbáyọ.

Wáyà 6mm² ni a sábà máa ń rí nídìí ṣáwà kéékèèké, 10mm² sì ni a sábà máa ń rí nídìí àwọn ńlá. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó ní ìwé àṣẹ wò ó, kí ó wọn bí ó ti gùn tó, kí ó tọ ọ̀nà tó gbà wá, kí ó sì wo búrékà rẹ̀ àti súìṣì tí ẹ ń fi okùn fà. Gbogbo wọn ni ó gbọ́dọ̀ lè gbé ohun tí ṣáwà tuntun yóò fà. Bí wọ́n bá lè gbé áḿpíà 44, baálé yín jàre, ẹ ra èyí tó wù ú. Bí wọn kò bá lè gbé e, ó di kí ẹ fa wáyà tuntun, èyí tó lè gba pé kí wọ́n fọ́ ògiri, tàbí kí ẹ dúró sórí 8.5. Ohun kan tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbà ni kí ẹnì kan fi búrékà ńlá rọ́pò kékeré sórí wáyà àtijọ́ kan náà nítorí pé kékeré ń já ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti pa ajá tó ń gbó olè nítorí pé kò jẹ́ kí ó sùn.

Kí ni 10.5 yóò tilẹ̀ fún yín? Omi púpọ̀ sí i ni, kì í ṣe omi tó gbóná jù, nítorí pé ìwọ̀n ooru tí ara ènìyàn ń fẹ́ kò yí padà. Kìlówáàtì 1 lè fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 14 kún ooru lítà omi 1 tó ń ṣàn ní ìṣẹ́jú kan. Bí omi tó ń wọlé bá wà ní ìwọ̀n 15, tí ẹ sì fẹ́ wẹ̀ ní 40, oní-8.5 yóò fún yín ní nǹkan bí lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan, oní-10.5 yóò sì fún yín ní lítà 6. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ̀n 25 ni omi yín máa ń wà, lítà 8 ni oní-8.5 yóò fún yín, ìyẹn sì ti tó ènìyàn wẹ̀ dáadáa. Ní ti owó iná, ẹni tó bá fi oní-10.5 wẹ̀ fún ìṣẹ́jú 8 yóò lo wákàtí-kìlówáàtì 1.4, ẹni tó bá sì fi oní-8.5 wẹ̀ yóò lo 1.1. Lójú tèmi, lítà kan yẹn kò tó ohun tí à ń fọ́ ògiri sí, àfi níbi tí omi ti máa ń tutù bíi yìnyín nígbà òtútù.

Ẹ tún fi ojú ṣọ́ ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí. Àwọn kan ń fi fóòtì 240 ṣírò agbára ọjà wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni iná tó ń dé àwọn ilé kan kò ju 230 lọ. Ṣáwà tí wọ́n pè ní 9.5 lórí 240 yóò di nǹkan bí 8.7 lórí 230. Ó lè jẹ́ pé ohun kan náà ni ẹ fẹ́ fi owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rà.

Ọ̀rọ̀ omi tó ń kán láti ìdí ni ó ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín. Ọ̀pọ̀ ṣáwà oníná ni ó ní ihò ààbò kan ní ìsàlẹ̀, tó máa ń ṣí bí omi bá há sínú rẹ̀ tí kò rí ọ̀nà gbà jáde. Ohun tó sì sábà ń há a ni orí ṣáwà tó ti dí, tàbí rọ́bà rẹ̀ tó ká kò. Bí omi àdúgbò yín bá jẹ́ irú èyí tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, tó sì ń fi ìpẹ́ funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù, ìpẹ́ kan náà ni yóò ti bo ẹ́límẹ́ǹtì yín, tí yóò sì ti dí ojú orí ṣáwà náà. Ṣáwà tuntun kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa tú orí rẹ̀ sílẹ̀ lóòrèkóòrè, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́.

Nítorí ọmọ ọdún 4 yẹn, ẹ san owó lé e kí ẹ ra èyí tó ń ṣọ́ ìwọ̀n ooru fúnra rẹ̀. Nínú ṣáwà lásán, agbára iná kì í yí padà. Bí ẹnì kan bá fọ ṣáláńgá olómi nígbà tí ọmọ ń wẹ̀, omi tó ń dé inú ṣáwà yóò dín kù, èyí tó kù yóò sì gbóná lójijì. Ẹ tún béèrè fún irú èyí tó máa ń jẹ́ kí omi tútù ṣàn díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa á, kí omi gbígbóná má baà dúró de ẹni tó kàn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ibi tí páìpù àti wáyà gbà wọ inú ti àtijọ́: ọwọ́ òsì ni àbí ọ̀tún, òkè ni àbí ìsàlẹ̀, àbí ẹ̀yìn. Ẹ ra èyí tí àyè wọn bá ti yín mu, tí ara rẹ̀ sì fẹ̀ tó láti bo ihò tí ti àtijọ́ yóò fi sílẹ̀ lára táìlì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, orí táńkì tó wà lókè àjà ni omi wa ti ń wá, kì í ṣe láti ìta tààrà. Ṣé ṣáwà èyíkéyìí ni mo lè rà? Mo sì mọ iṣẹ́ páìpù díẹ̀. Ṣé mo lè so ó fúnra mi?

ÌDÁHÙN: Rárá o, kì í ṣe èyíkéyìí. Mítà 10 ni omi gbọ́dọ̀ fi ga ju ṣáwà lọ kí ipá rẹ̀ tó pé bar 1 (bar ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ipá omi), bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó wà fún omi ìta sábà máa ń béèrè nǹkan bí bar 1. Táńkì tó fi mítà 2 ga ju orí yín lọ kò ní ju bar 0.2. Èyí tó ní pọ́ńpù nínú, tí wọ́n dìídì ṣe fún omi táńkì, ni kí ẹ rà. Ẹ má ṣe so irú èyí mọ́ páìpù ìta láéláé.

Ní ti síso, ẹ lè ṣe ti páìpù bí ọwọ́ yín bá dá a, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi ṣàn jáde kúrò nínú páìpù kí iyanrìn má baà wọ inú ṣáwà, ẹ má sì fi táàpù kankan sí iwájú ibi tí omi ń gbà jáde. Ti iná, ẹ fi sílẹ̀ fún oníṣẹ́ iná; ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni yóò rí i pé wáyà tó lọ sínú ilẹ̀ múná dóko, àti pé ẹ̀rọ ààbò RCD tó ń já bí iná bá jò ju mílíáḿpíà 30 lọ wà níbẹ̀. Nígbà tí ó bá ti so ó tán, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ tan, kí ó ṣàn títí afẹ́fẹ́ yóò fi tán nínú rẹ̀, kí ẹ tó yí i sí gbígbóná. Ẹ́límẹ́ǹtì tí a tan iná sí láìsí omi lára rẹ̀ lè jó kí ẹ tó wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

ÌBÉÈRÈ: Oníṣẹ́ iná ti wo ilé wa, ó ní wáyà wa kò lè gbé ṣáwà oníná rárá, onílé kò sì gbà kí a fọ́ ògiri. Kí ni ọ̀nà àbáyọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ wo wọ́tà-hítà onítáńkì. Nítorí pé ó ń fara balẹ̀ gbé omi kaná kí ẹ tó nílò rẹ̀, oní-kìlówáàtì 3 kò ní fa ju áḿpíà 13 lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí omi inú rẹ̀ bá tán, ẹni tó kàn yóò dúró dè é. Ẹ ka iye ènìyàn tó ń wẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó mú lítà tí ẹ máa rà, kí ẹ sì jẹ́ kí oníṣẹ́ kan náà wò bóyá ògiri lè gbé e nígbà tí omi bá kún inú rẹ̀, torí pé lítà omi 50 nìkan wúwo tó kìló 50.