Ṣé lóòótọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ géèmù ló ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó kéré tán ti Motek, ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Amsterdam. Ẹ ní bàbá yín ń ṣe físíò ní Ìkéré-Èkìtì lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ẹ sì rí fídíò ẹ̀rọ náà.

Iṣẹ́ wọn látilẹ̀ ni kí wọ́n lẹ bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń dán mọ́ oríkèé èèyàn, kí kámẹ́rà máa wò ó láti igun gbogbo, kí kọ̀ǹpútà sì sọ ìrìn rẹ̀ di ti ẹni inú géèmù. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó mọ ibi tí orúnkún wà lè sọ fún dókítà bí orúnkún náà ṣe ń ká tó. Wọ́n bá ṣe CAREN: pèpéle tó ń mì, bẹ́líìtì ìrìn lórí rẹ̀, àwòrán ńlá níwájú. Wọ́n á so okùn mọ́ aláìsàn kó má baà ṣubú, á máa rìn bí ẹni wà lójú títì. Center for the Intrepid, ibùdó ìtọ́jú tí wọ́n ṣí ní San Antonio ní 2007 fún àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà tó fara gbọgbẹ́, ń lò ó. (Ti Vicon, ilé-iṣẹ́ míì tó ń ṣe irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ní Oxford láti 1984, yàtọ̀: ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ìdí fíìmù.)

Ní Adó, ṣọ́ọ̀kì ni físíò fi fa ìlà sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ń ka "ení, èjì" bí wọ́n ṣe di irin méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì mú. Iṣẹ́ kan náà ni. Ojú ni físíò fi ń wọn ìrìn náà.