Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó yan odì: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ọdún 9 jù mí lọ. Láti ìgbà tí a ti sin màmá wa ní ọdún 6 sẹ́yìn ni a ti yan ara wa lódì. Ọ̀rọ̀ ìnáwó ìsìnkú ló dá a sílẹ̀, kó tó wá kan owó ṣọ́ọ̀bù méjì tó wà níwájú ilé bàbá wa ní Bẹẹrẹ, tó jẹ́ pé àwọn ló ń gbà á. Àpáta ni mò ń gbé, Bódìjà ni wọ́n ń gbé, a kì í rí ara wa àfi níbi òkú. Wọ́n ti di Mùsùlùmí nílé ọkọ, Kristẹni ni èmi. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé bí mo bá kúnlẹ̀ gbàdúrà báyìí, ńṣe ló ń dà bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀? — *Àbúrò, Àpáta, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Ibi tí ẹ̀bẹ̀ ti ń bàjẹ́ jù nìyí: àbúrò á lọ bẹ ẹ̀gbọ́n, kó tó jókòó tán ó ti ń béèrè ìṣirò owó, ẹ̀gbọ́n á sì gbà pé owó ló gbé e wá. A óò padà sórí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lè ti dé etí gbogbo ẹbí, kálukú á sì máa túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ pè wọ́n. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dára, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, tí wọ́n bá ti kírun ìṣáì tán. Jímọ̀ kò dára, Sátidé sì rèé, ọjọ́ òde ni n'Ìbàdàn. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ti tó. Ẹ lè sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Kì í ṣe torí owó ni mo ṣe pè, kì í sì í ṣe torí ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn yín, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Mo fẹ́ wá kí yín." Kí ẹ wá dákẹ́. Ìdákẹ́ náà á gùn létí yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ dí i, àwọn ló kàn láti sọ̀rọ̀.

Bí wọ́n bá fìbínú sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Bí wọ́n bá pa fóònù mọ́ yín létí, ẹ má pè padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́ pé ẹ óò tún pè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ sì pè lóòótọ́, lọ́jọ́ kan náà, ní aago kan náà. Ìpè ẹ̀ẹ̀kan lè jọ ọ̀rọ̀ ẹni tí nǹkan kàn ṣe lọ́jọ́ yẹn. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á mọ̀ pé ẹ ti rò ó dáadáa.

Nígbà tí ẹ bá ń bẹ̀bẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún "bí mo bá ṣẹ̀ yín." Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé kò tíì dá yín lójú pé ẹ ṣẹ̀. Ẹ dárúkọ ohun kan pàtó tí ẹ ṣe, ọ̀rọ̀ kan tí ẹ sọ lójú àlejò, tàbí ìpè wọn tí ẹ kò gbé, kí ẹ dúró síbẹ̀ láìfi "ṣùgbọ́n" kún un. Ẹ má sì mẹ́nu kan ohun tí àwọn ẹbí ń sọ.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa bọ̀, ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ lọ. Ẹ má mú ìyàwó dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kódà bó jẹ́ pé òun ló gbà yín nímọ̀ràn; bí wọ́n bá rí i níbẹ̀, wọn ò ní lè sọ tinú wọn. Ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kì í ṣe kí ẹ kàn fọwọ́ kan ilẹ̀. Ẹ má gbé àpò ìrẹsì lọ, torí á jọ owó ìtanràn. Búrẹ́dì àti ọsàn díẹ̀ ti tó. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ jẹ ẹ́, bó ṣe òkèlè mẹ́ta. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kọ oúnjẹ lẹ́yìn ìjà, ohun tí ará ilé máa rò ni pé ó ń bẹ̀rù ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ nìyí o. Ẹ má bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn nìkan mọ̀ ni kí ẹ béèrè. Wọ́n ti mọ màmá yín fún ọdún 9 gbáko kí ẹ tó dé ayé, ìyá tó sì tọ́ wọn lè má jọ èyí tó tọ́ yín. Ó lè jẹ́ ìgbà tí kò sówó ni wọ́n ṣe ọmọdé, ó lè jẹ́ àwọn ló pọ̀n yín tí màmá bá lọ sọ́jà. Ẹ béèrè àdúrà tí màmá máa ń gbà ní ìdájí. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń kì yín. Oríkì tí ìyá fi ń rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún kò sí nínú ìwé kankan; bí ìyá bá ti lọ, ẹnu ẹ̀gbọ́n tó ń gbọ́ ọ láràárọ̀ ló kù sí. Ẹ ní kí wọ́n kì yín. Ẹ má yọ fóònù láti gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbọ́ ọ ná.

Nípa ilẹ̀kùn àdúrà tí ẹ ní ó tì: ìwé ẹ̀yin méjèèjì ti sọ̀rọ̀ sí i. Mátíù 5:23–24 ní kí ẹni tó mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ̀ rẹ́. Hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànọ́bì Mùhámádù, tí àwọn onímọ̀ méjì, Bùhárí àti Mùsílímù, gbà wá sì sọ pé kò tọ́ kí Mùsùlùmí yan arákùnrin rẹ̀ lódì ju òru mẹ́ta lọ, àti pé ẹni tó kọ́kọ́ kí èkejì ní sálámà ló dára jù nínú àwọn méjèèjì. Ẹ tún ka Jẹ́nẹ́sísì 32 àti 33 pọ̀. Jákọ́bù ti lo 20 ọdún nílé Lábánì kó tó padà wá pàdé Esau, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sá fún. Ó jìjàkadì títí ilẹ̀ fi mọ́, ó rí ojú Ọlọ́run. Nígbà tó sì rí Esau lẹ́yìn náà, ó ní bí ìgbà tí òun rí ojú Ọlọ́run ni. Ojú tó ti ń sá fún ni! Ẹ kíyè sí i pé wọn ò tìtorí ìyẹn gbé pọ̀: Esau gba Séírì lọ, Jákọ́bù yà sí Súkótù. Àmọ́ nígbà tí Ísákì bàbá wọn kú, àwọn méjèèjì ló sin ín.

Nítorí náà, lálẹ́ tó ṣáájú ìpè, ẹ má gbàdúrà pé kí Ọlọ́run rọ ọkàn wọn. Ẹ fi oríkì pè wọ́n níwájú Ọlọ́run, kí ẹ ka oore mẹ́ta tí wọ́n ti ṣe fún yín. Bí aríran kankan bá sì sọ pé ẹ̀gbọ́n yín ló wà nídìí ìṣòro yín, ẹ kúrò níbẹ̀. Irú ìran bẹ́ẹ̀ ti tún ọ̀pọ̀ ìjà tó ti fẹ́ parí dá sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù: ó kéré tán, ẹ jẹ́ kó di oṣù kan lẹ́yìn ìbẹ̀wò, níwájú mọ́gàjí yín, ìyẹn olórí agbo ilé. Kí kálukú mú àkọsílẹ̀ wá: owó ilé tó wọlé, owó àtúnṣe, àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ná níbi ìsìnkú. Bí bàbá yín bá ní ìyàwó mìíràn, ẹ béèrè bóyá ìdí igi (kí wọ́n pín in ní iye ìyàwó) ni wọ́n fi pín ogún tàbí orí-ò-jorí (kí wọ́n pín in ní iye ọmọ). Bí ìyàwó kejì bá bí ọmọ 4, ìdí igi á fún ẹ̀yin méjèèjì ní ìdajì, àmọ́ nínú orí-ò-jorí, ìpín 2 nínú 6 ló kàn yín. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ló ń mú kí ọmọ ìyá fura síra wọn.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Toronto. Ó ti tó ọdún 2 tí kì í gbé ìpè mi. Ṣé èmi ẹ̀gbọ́n ni kí n tún wá bẹ̀ ẹ́? — *Ìyá Ìbejì, Òkè Àdó*

Ìdáhùn: Ẹ bẹ̀ ẹ́, mà. Kò yọ yín nípò ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo aago yín náà: wákàtí 6 ni a fi ṣáájú wọn nígbà òtútù, ó ń di 5 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Bí ẹ bá ń pè ní aago mẹ́jọ àárọ̀ níbí, òru ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ pè é ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọ̀sán ni lọ́hùn-ún. Ẹ bi í bí ara rẹ̀ ṣe le, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti ṣàṣejù. Nínú ìpè mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má béèrè owó, ẹ má sì gba ẹlòmíràn láyè láti tọrọ nípasẹ̀ yín, bí ọ̀rọ̀ náà ti wù kó le tó.